Lékeléke dàwátì láti Oṣù Kẹfà: èwo ló ṣí lọ, èwo ló ń tán?

Abẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa mélòó kan la jọ ń ṣọ́ ẹyẹ létí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, a sì fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà ẹyẹ àdúgbò wa láti Oṣù Kìn-ín-ní dé Oṣù Kejìlá. Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn. Lékeléke tó máa ń kún ibi tí màlúù ti ń jẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dàwátì láti Oṣù Kẹfà. Àwòdì náà ò fò mọ́. Ẹyẹ pupa kan tó wà nínú koríko etí omi lọ́dún tó kọjá, láti Oṣù Kejìlá la ò ti rí i. Àwọn kan nínú wa ní wọ́n ti pa wọ́n tán ni, pé oògùn apakòkòrò àti àwọn tó ń ta ẹyẹ fún ètùtù ló fà á. Àwọn yòókù ní wọ́n kàn ṣí lọ ni.

Báwo la ṣe ń mọ ẹyẹ tó ṣí lọ yàtọ̀ sí ẹyẹ tó ń tán? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ló yẹ ká jáde, kí ló sì yẹ ká kọ sílẹ̀? Bainókúlà méjì la ní, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Bàbá Ẹ̀gà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Abẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ dì pọ̀ yẹn.

Lékeléke (Bubulcus ibis): òkè Ọya ló lọ. Tí òjò bá ti múlẹ̀ lọ́hùn-ún, koríko á yọ, tata á pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yé, tí wọ́n ń pamọ. Bí koríko ibẹ̀ bá ti gbẹ, wọ́n á ṣẹ́rí padà sí gúúsù láti nǹkan bí Oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ wa títí di Oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún. Kí lékeléke má sí l'Oṣù Keje kì í ṣe àmì pé wọ́n pa á. Kó má sí l'Oṣù Kejìlá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ máa wo ara wọn láti Oṣù Kẹta lọ: àtàrí, àyà àti ẹ̀yìn wọn tó funfun tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí èèpo ọsàn, ẹnu wọn náà á máa pọ́n. Èyí tó bá ti wọ ẹ̀wù yẹn ti ń múra ìrìn. Ẹ kọ iye wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwòdì: òun náà ń gba òkè Ọya lọ nígbà òjò, àmọ́ ìdí tiẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń kọ́ ìtẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọmọ bá ti fò tí òjò sì ń wọlé ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó ń sin adìẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹ̀ẹ̀rùn ni òròmọdìẹ máa ń rí ogun.

Ẹyẹ pupa: kò lọ síbì kankan. Akọ Euplectes ni. Ìgbà òjò ló ń wọ pupa àti dúdú láti fi wá abo, láti bí Oṣù Keje dé Ìkọkànlá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, á bọ́ ìyẹ́ yẹn, á di aláwọ̀ ilẹ̀ tó nílà lára, á sì dà pọ̀ mọ́ abo àti ọmọ nínú agbo kan náà. Ẹ ń rí i lójoojúmọ́, ológoṣẹ́ lẹ ń pè é.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ó ku díẹ̀ níbẹ̀ o. Kì í ṣe gbogbo lékeléke ló ń lọ. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù, pàápàá nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran àti ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, torí eṣinṣin kì í tán níbẹ̀. Tí Abẹ̀kẹ́ bá rí mẹ́ta l'Oṣù Kẹjọ, kó má sọ pé ojú ń tan òun, kó kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi kàlẹ́ńdà Ìbàdàn wọn ti Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, ẹyẹ tó ń ti òkè Ọya bọ̀ máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kó tó dé igbó àti etí òkun. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀.

Lórí ẹyẹ pupa, méjì ló wà tí wọ́n fi jọra. Ẹ wo àtàrí. Tí àtàrí bá dúdú, tí ọ̀fun sì pupa, tí ìyẹ́ apá jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, Euplectes franciscanus ni, ti ọ̀dàn. Tí àtàrí bá pupa, tí ojú àti ìsàlẹ̀ ẹnu dúdú, tí apá àti ìrù náà sì dúdú, Euplectes hordeaceus ni, ìyẹn ló fẹ́ràn koríko gíga níbi tó tutù. Èyí tó wà létí dáàmù lè jẹ́ èkejì, àmọ́ àtàrí ni kó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti rí i.

Ẹyẹ kékeré dúdú-òun-funfun tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ (Vidua macroura) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò nìkan ni akọ rẹ̀ ń ní ìrù gígùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìrù á já, ara á di aláwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì máa ń pọ́n. Ẹnu yẹn ni kí ẹ fi mú un.

Ayàwòrán Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ẹ tó ka lékeléke, ẹ rí i dájú pé lékeléke ni. Létí omi, ẹyẹ funfun mẹ́rin ló sábà ń dà pọ̀:

Lékeléke gan-an kúrú lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ kúrú, ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ẹsẹ̀ màlúù ló ń tẹ̀ lé. Egretta garzetta tín-ín-rín jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, àmọ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Tó bá fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, ẹ dúró kí omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó pinnu. Ardea alba ga gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú dé ọmọ-ìka, ọrùn rẹ̀ ní kókó níbi tó ti ṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ: Ardeola ralloides. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni tó bá lúgọ sínú òṣíbàtà, ẹ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ má rí i. Tó bá gbéra, apá rẹ̀ funfun báláú, ẹni tó wà lókèèrè á pariwo "lékeléke". Ẹ má ka ẹyẹ funfun tó ń fò láìrí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ "ẹyẹ funfun, a ò mọ̀ ọ́n", kí ẹ sì kọ iye.

Ní ti bainókúlà: 8×42 ni kí ẹ lò (8 ni ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan sún mọ́ni, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mílímítà). 10× ń mi lọ́wọ́, ibi tó sì ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kéré, ẹyẹ á ti kọjá kí ẹ tó bá a. Olóoru ilẹ̀ wa ni ọ̀tá rẹ̀. Tí ẹ bá ti òjò dé tẹ́ ẹ tì í mọ́ inú àpò aláwọ, èbu á hù sára gíláàsì láti inú, kò sì sí bí ẹ ṣe máa nù ún láìtú u. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ẹ tó fi sínú ike tó ní ìdérí líle pẹ̀lú àwọn páálí silica gel kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú bàtà tuntun. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn nígbà òjò.

Dèjì Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ máa ń kúrò lọ́dọ̀ wa ní London l'Oṣù Kẹsàn-án. Ṣé àwọn yẹn náà lẹ ń rí lórí wáyà n'Ìbàdàn l'Oṣù Kejìlá?

Bàbá Ẹ̀gà

Dèjì, irú ẹyẹ kan náà ni (Hirundo rustica), àmọ́ èyí tó ń pamọ ní Britain, South Africa ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lọ lo ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n lè gba orí wa kọjá. Èyí tó jókòó tì wa títí di Oṣù Kẹta, láti apá ibòmíràn ní Yúróòpù ló sábà ti ń wá.

Abẹ̀kẹ́, ẹ ṣọ́ra lórí alápàńdẹ̀dẹ̀ o, mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wa. Àlejò ni èyí tí ọ̀fun rẹ̀ pupa tí ọ̀já dúdú sì yí àyà rẹ̀ ká láìjá. Onílé ni èyí tí ọ̀fun rẹ̀ funfun tí ọ̀já àyà rẹ̀ sì já láàárín (Hirundo aethiopica), abẹ́ òrùlé àti abẹ́ afárá ló ń mọ ìtẹ́ rẹ̀ sí, ó sì wà lọ́dún yípo. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ jẹ mọ́ wọn: Apus affinis, dúdú, ìdí funfun, apá bí dòjé. Èyí kì í bà lórí wáyà láéláé torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè di wáyà mú, ara ògiri nìkan ló ń rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jókòó sórí wáyà, ẹ yọ ẹ̀kẹta kúrò. Ẹ má fi gígùn ìrù dá a mọ̀ l'Oṣù Kẹwàá, torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìrù rẹ̀ kúrú, àgbà náà sì ń pààrọ̀ ìyẹ́ nígbà yẹn.

Ọmọ Èpé

Gbogbo yín ń pe Oṣù Kẹwàá ní ìgbà tí àlejò ń dé. Ní tiwa létí ọ̀sà, ó ti pẹ́ jù! Ẹyẹ etí omi ló ń ṣáájú. Actitis hypoleucos ti máa ń wà lórí òkúta àti ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ láti Oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò ṣì dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ikùn rẹ̀ funfun, funfun náà sì yọ sókè níwájú apá. Ìdí rẹ̀ kì í sinmi, ó ń mì ín sókè-sódò bó ṣe ń rìn. Tó bá fò, ó ń fò sún mọ́ omi gan-an, apá rẹ̀ ń gbọ̀n kéékèèké, á wá nà án gbọọrọ. Tí Ẹlẹ́yẹlé bá ní òkúta tàbí ògiri létí omi, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé àlejò yín láti ọ̀sẹ̀ kìíní Oṣù Kẹjọ.

Fún ẹni tó bá wà létí ọ̀sà Èkó àti Lẹ́kí: ìgbà tí omi bá fà ni kí ẹ jáde, torí ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ. Tí omi bá kún, wọ́n á ti lọ fara pamọ́, ẹ ó sì kọ òdo tí kì í ṣe òdo.

Akọ̀wé Ẹyẹ

Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Èpé fi parí yẹn gan-an ni ìdáhùn sí ohun tí Abẹ̀kẹ́ béèrè. Ẹ ò lè mọ ẹyẹ tó ń tán tí ẹ ò bá kọ bí ẹ ṣe wá a. "Lékeléke 40" nìkan kò sọ nǹkan kan. Tí ẹni mẹ́rin bá fi wákàtí mẹ́ta rí 40, tí ẹnì kan sì fi ààbọ̀ wákàtí rí 15 lọ́dún kejì, ta ló rí púpọ̀?

Ẹ mú ọ̀nà kan tí kò ju kìlómítà méjì lọ, kí ẹ má yí i padà. Ẹ yan ibi ìdúró mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí rẹ̀: orí ògiri dáàmù, ibi òṣíbàtà, etí oko, ibi tí màlúù ń jẹ̀, abẹ́ igi ńlá kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú 10 níbi kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí ẹyẹ tí ẹ dẹ́rù bà á padà sáàyè rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 6:30 àárọ̀, kí ẹ ti parí kó tó di 9:00. Tí oòrùn bá ti mú, ohùn á pa, ẹyẹ á wọ ibòji. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ti tó, ọ̀sẹ̀ kìíní àti ọ̀sẹ̀ kẹta.

Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ parí, ẹni mélòó ló ń wò, bójú ọjọ́ ṣe rí, bí omi ṣe ga tó lára ògiri, bí koríko ṣe ga tó (orúnkún, ìbàdí, àbí ó bo orí), ẹyẹ, iye, ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹyẹ tó yẹ kó wà lóṣù yẹn tí ẹ ò rí, ẹ kọ 0 síwájú orúkọ rẹ̀. Òdo yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Bí ẹ bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo, lọ́dún mẹ́ta sí i kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹyẹ ni kò sí tàbí ẹ̀yin ni ò wò.

Ohun mẹ́ta ló ń purọ́ mọ́ ẹyẹ. Ọyẹ́ ni àkọ́kọ́: l'Oṣù Kejìlá àti Ìkìn-ín-ní, ọyẹ́ lè bo odì kejì omi, iye á wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹyẹ dín kù. Ẹ yan àmì kan lódì kejì, bí òpó iná. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ ọ́. Èkejì ni koríko àti ewéko ojú omi tó ga nígbà òjò. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà (Actophilornis africanus) wà níbẹ̀, ewé ló bò ó. Ẹ̀kẹta ni ìdákẹ́jẹ́: ẹyẹ inú igbó kì í kọrin púpọ̀ lóṣù tí kò bá wá abo tàbí tọ́jú ìtẹ́, etí ló sì ń rí ìdajì wọn.

Ẹ máa fi oṣù wé irú oṣù bẹ́ẹ̀: Oṣù Kejìlá ọdún yìí pẹ̀lú Oṣù Kejìlá ọdún tó ń bọ̀. Fún àlejò, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i, ọjọ́ tí ẹ rí i kẹ́yìn, àti iye tó pọ̀ jù lọ. Fún onílé, ẹ wo ìgbà mélòó lẹ rí i nínú ìgbà 24 tí ẹ jáde lọ́dún. Onílé tó ti wà nínú 20 tó wá di 9 lọ́dún kejì, lójú ọ̀nà kan náà, ìyẹn lẹ fi ń ké gbàjarè.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Gbogbo rẹ̀ ló dáa, àfi ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Láti Oṣù Kẹsàn-án dé Ìkọkànlá, àti láti Oṣù Kẹta dé Ìkarùn-ún, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa jáde, torí ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń kọjá. Èyí tó kàn fẹ́ sinmi kó tó tẹ̀síwájú lè dé lọ́jọ́ Ajé kó ti lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó jáde ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹta máa kọ̀wé pé kò sí rárá. Nígbà tí ìrìn wọn bá ti rọlẹ̀, ẹ padà sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Akọ̀wé Ẹyẹ

Mo gbà fún yín, màmá. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹta má yẹ̀ láéláé, kí ìṣirò ọdún lè dọ́gba. Kí àwọn ìjáde tó lé wà lọ́tọ̀.

Abẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ṣeun gan-an, Ẹlẹ́dàá á san yín lẹ́san. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Áàpù wo ni ká fi kọ ọ́? Kí ni àmì lára àwọn ẹyẹ onílé tí a lè fi mọ̀ pé òjò ti wọlé? Báwo la sì ṣe ń ka lékeléke tó ń wọ igi lálẹ́ nígbà tí agbo méjì bá dà pọ̀?

Ayàwòrán Ògbómọ̀ṣọ́

eBird ni kí ẹ lò. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń ka ìrìn àti àkókò fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kan wà níparí pé ṣé gbogbo ẹyẹ tí ẹ dá mọ̀ lẹ kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ni kí ẹ dáhùn, kí ẹ sì rí i pé òótọ́ ni. Tí ẹ bá kọ àwọn tó wù yín nìkan, ẹnikẹ́ni ò ní lè fi ṣírò èyí tí kò sí.

Akọ̀wé Ẹyẹ

Mi ò lòdì sí i, àmọ́ BirdLasser ni èmi máa yàn fún Nàìjíríà, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project láti 2015, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀. Wọ́n ti pín ilẹ̀ sí àpótí-àpótí, ìkọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án níbùú lóòró. Ó kéré tán, wákàtí méjì lẹ máa fi wá ẹyẹ inú rẹ̀, ẹ sì lè máa fi kún un títí dé ọjọ́ márùn-ún. Ẹ kọ wọ́n bí ẹ ṣe rí wọn tẹ̀ lé ara wọn, torí ẹyẹ tó ń tètè wọ lísìtì ló sábà ń pọ̀. Tí agbára bá wà, ẹ lo méjèèjì. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ìwé gidi ṣì wà.

Ohun kan ṣá: áàpù tó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, ẹ má kọ ẹyẹ sílẹ̀ torí pé fóònù sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú rí i, tàbí kí ẹ mọ ohùn náà fúnra yín.

Bàbá Ẹ̀gà

Lórí òjò: ẹ lọ sábẹ́ igi tí ẹ̀gà (Ploceus cucullatus) ń kọ́ ilé sí. Tí òjò bá ti ń wọlé, akọ á máa ya imọ̀ ọ̀pẹ, á fi hun ìtẹ́ tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, á sì so rọ̀ níbẹ̀ tí yóò máa gbọn apá pe abo. Ẹ máa ka ìtẹ́ tútù lọ́tọ̀ sí ìtẹ́ gbígbẹ, torí abo kì í wọ èyí tó ti gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ á tú u. Níbẹ̀ náà lẹ ti máa gbọ́ Chrysococcyx caprius, ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí ikùn rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ pupa. Inú ìtẹ́ ẹ̀gà ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí. Ẹ̀gà náà gbọ́n sí i: àwọ̀ ẹyin abo kan yàtọ̀ sí ti èkejì, òmíràn funfun, òmíràn aláwọ̀ ojú ọ̀run, òmíràn ní tóótòòtó, kí olúkúlùkù lè mọ tirẹ̀ kó sì ju ti àjèjì nù.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ gbójú sókè wá Merops albicollis, ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó ní ọ̀já dúdú lọ́rùn, tí ìyẹ́ méjì gígùn yọ láàárín ìrù rẹ̀. Kòkòrò tó ń fò ló ń jẹ, àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ lábẹ́ ọ̀pẹ: bí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń bó ẹyìn tí èèpo ń já bọ́, ẹyẹ náà á gbá a nínú afẹ́fẹ́, á gbé e mì.

Ọmọ Èpé

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ igún. Òun ni kí ọkàn yín wà lára rẹ̀. Igún (Necrosyrtes monachus) kì í tẹ̀ lé òjò lọ bí lékeléke. Onílé ni. Tí kò bá sí l'Oṣù Keje, tí kò sí l'Oṣù Kejìlá, kò ṣí lọ síbì kankan, wọ́n ti pa á tàbí májèlé ti pa á. Láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtirun pátápátá láyé. Odídẹrẹ́ náà ń bẹ nínú ewu, l'ọ́dún 2016 ni wọ́n sì pinnu láti fòfin de òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní ìlú yín gan-an, igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn) ní ẹyẹ kan tó jẹ́ pé gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà láyé, Malimbus ibadanensis, tí onímọ̀ ẹyẹ kan, Elgood, ṣàpèjúwe ní 1958. Òdo tí ẹ bá kọ síwájú irú àwọn wọ̀nyí wúwo ju òdo lékeléke lọ.

Torí náà, tí ẹ bá rí ìtẹ́ igún tàbí igi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí, ẹ má fi ibi tó wà sórí Facebook tàbí WhatsApp. Ẹ yọ àdírẹ́sì kúrò lára fọ́tò náà, torí fóònù máa ń kọ ọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹyẹ náà ń ka ohun tí ẹ ń kọ.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Kíka lékeléke lálẹ́, Abẹ̀kẹ́: ẹ ti wà níbẹ̀ ní 5:30 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kúrò ní 7:00. Ẹ má ka èyí tó ti wà lórí igi, wọ́n ń ṣípò, ẹ ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yan àmì tí kò lè yẹ̀ lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbà wọlé, bí ọ̀pẹ tàbí òpó, kí ẹnì kan dúró ti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ka kìkì èyí tó bá kọjá àmì náà. Ẹ ka mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́ kí ojú mọ bí mẹ́wàá ṣe tóbi tó lójú ọ̀run, lẹ́yìn náà ẹ máa fi mẹ́wàá-mẹ́wàá wọ́n agbo ńlá. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ máa kọ iye sílẹ̀. Tí agbo méjì bá dà pọ̀ kí wọ́n tó dé àmì, ẹ kà wọ́n bí ọ̀kan. Tí wọ́n bá dà pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti kà wọ́n tán nìyẹn. Èyí tó bá yí padà jáde, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kí ẹ tó ro ó mọ́ àpapọ̀.